Rotary, DA tàbí ọwọ́ lásán: èwo lẹ ó fi dá dídán ọ̀dà mọ́tò yín padà?

Ẹni tó bá fẹ́ ra ẹ̀rọ pólíìṣì fún ìgbà àkọ́kọ́, tó sì jẹ́ pé mọ́tò ara rẹ̀ ló fẹ́ fi ṣe nínú àgbàlá ilé rẹ̀ n'Íbàdàn, DA (dual action, ẹ̀rọ tí páàdì rẹ̀, ìyẹn ohun rírọ̀ tí a ń lẹ mọ́ ojú ẹ̀rọ, ń rìn ìrìn méjì lẹ́ẹ̀kan náà) ni kó rà. Mo fi ìdáhùn ṣáájú nítorí pé rotary, èyí tí páàdì rẹ̀ kàn ń yí lójú kan, ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbé bọ̀ láti ọjà. Òun ni wọ́n rí lọ́wọ́ pẹ́ńtà, owó rẹ̀ náà ló sì sábà máa ń mọ níwọ̀n. Bí a bá gbé ẹ̀rọ méjèèjì sílẹ̀, wọ́n jọra. Ohun tí wọ́n ń ṣe sí ara mọ́tò kò jọra rárá, ìyàtọ̀ náà sì lè ná yín ní odidi ọ̀dà bọ́nẹ́ẹ̀tì kan.

Bí rotary bá ti wà nílé yín, ẹ má tíì tà á. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ń bọ̀ nísàlẹ̀.

Ohun tí ẹ fẹ́ gbé ẹ̀rọ lé

Mọ́tò tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé iṣẹ́, primer ló wà nísàlẹ̀ lórí irin, àwọ̀ ló tẹ̀ lé e, clear tí kò láwọ̀ ló wá bo gbogbo rẹ̀. Ojú clear yìí ni dídán tí à ń rí wà. Bí a bá wọn gbogbo ọ̀dà náà pọ̀, ó sábà máa ń wà láàárín 100 sí 150 micron. Nínú rẹ̀, clear nìkan kì í ju bíi 35 sí 50 lọ. Ìwé fótókópì kan ṣoṣo nípọn tó nǹkan bí 100 micron, nítorí náà ohun tí ẹ fẹ́ há kò nípọn ju ìdajì ìwé kan lọ.

Àwọn ìlà wínníwínní tó máa ń yọ yíká bí òwú aláǹtakùn nígbà tí oòrùn bá bà lé mọ́tò dúdú, inú clear yìí ni wọ́n wà, wọn kì í sì í jìn ju micron díẹ̀ lọ. Ibi tí wọ́n ti ń wá kò ṣàjèjì sí wa. Ọyẹ́ á da eruku sórí mọ́tò lóru, ọmọ ilé á fi àkísà gbígbẹ nù ún láàárọ̀ kí bàbá tó jáde. Ní ibi ìfọmọ́tò ẹ̀gbẹ́ títì, kànìnkànìn tí wọ́n fi fọ táyà ni wọ́n tún fi ń fọ bọ́nẹ́ẹ̀tì, inú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà ni wọ́n ń rì í sí. Yẹ̀pẹ̀ tó há sínú kànìnkànìn yẹn ló ń fa ìlà.

Pólíìṣì kì í dí ìlà. Ńṣe ló ń há clear tó yí ìlà náà ká wálẹ̀ títí ojú gbogbo rẹ̀ fi tẹ́jú. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣe é ni clear ń dín kù, kò sì sí ohun tó ń dá a padà àfi kí wọ́n tún mọ́tò kùn. Inú clear kan náà ni èròjà tó ń gba ìtànṣán oòrùn wà. Bó bá ti fẹ́lẹ́ jù, oòrùn á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́, á funfun, á sì máa bó. Irú òrùlé mọ́tò bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n ní Dùgbẹ̀ àti Mọ́kọ́lá, kò sì sí pólíìṣì kankan tó lè gbà á là mọ́. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo ni mo fi ń díwọ̀n gbogbo ẹ̀rọ àti gbogbo compound (pólíìṣì tó ń gé ojú ọ̀dà): èwo ló máa yọ ìlà, tí clear tó ṣẹ́kù yóò sì pọ̀ jù?

Ẹ fi èékánná gba orí ìlà tó ń dùn yín jù. Bí ó bá kọ́ èékánná, ó ti jìn ju ohun tó yẹ kí ẹ̀rọ lé bá. Ẹ kàn dín in kù, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀.

Rotary

Páàdì rotary ń yí lójú kan, bí ẹ bá sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kò ní dúró. Èyí tó wọ́pọ̀ ń yí láti bíi ìgbà 600 dé 3000 láàárín ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ̀dà kì í sábà fẹ́ ju 1000 sí 1500 lọ. Ohun tó fi borí ni eré. Ojú sáńpépà 1500 tàbí 2000 tí pẹ́ńtà fi tẹ́ ọ̀dà tuntun, rotary tó lo páàdì onírun àgùntàn á ti kó o kúrò kí DA tó ṣe ìdajì. Ìdí rèé tí àwọn pẹ́ńtà fi fẹ́ràn rẹ̀, wọn kò sì ṣìnà, nítorí iṣẹ́ tiwọn nìyẹn.

Ìṣòro rẹ̀ ni ooru. Ojú kan náà ló ń há láì sinmi, ooru á wá kóra jọ síbẹ̀. Etí ilẹ̀kùn, igun bọ́mpà àti ìlà tó yọ sókè lára bọ́nẹ́ẹ̀tì ló máa ń kọ́kọ́ fara gbá a, torí pé clear máa ń fẹ́lẹ́ níbẹ̀, gbogbo agbára ẹ̀rọ á sì dojú kọ ìbú kékeré. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ti tó láti gé e dé àwọ̀. Bọ́mpà tún burú sí i nítorí pé ike ni: irin máa ń gbé ooru kúrò lójú kan, ike kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun kejì ni àmì tó ń fi sílẹ̀. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni, tó máa ń dà bíi pé ó ń tẹ̀ lé yín bí ẹ bá ń rìn yíká mọ́tò nínú oòrùn. Lábẹ́ ibojì, ẹ kò ní rí i. Ọ̀pọ̀ mọ́tò ló ti kúrò lọ́dọ̀ oníṣẹ́ pẹ̀lú dídán tó wu ojú, tí olówó rẹ̀ gbé e dé àdúgbò Challenge lọ́jọ́ kejì nínú oòrùn ọ̀sán, tó wá rí i pé ìlà tuntun ló rọ́pò ti àtijọ́. Ó ṣeé yọ, ṣùgbọ́n clear náà ni yóò tún san gbèsè rẹ̀.

Àwọn kan máa ń so páàdì mọ́ ẹ̀rọ ìgérin tí àwọn wẹ́dà ń lò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Ẹ̀rọ yẹn ń yí tó ìgbà 11,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni kò sì ní ibi tí a ti lè dín eré rẹ̀ kù. Yóò jó ọ̀dà, páàdì sì lè já kúrò lórí rẹ̀ kó fò lu èèyàn lójú.

DA

Ìrìn méjì ni DA ń rìn lẹ́ẹ̀kan náà. Páàdì ń yí, ó sì tún ń lọ yíká nínú òbírípo kékeré kan. Ìbú òbírípo yẹn ni wọ́n ń kọ sára ẹ̀rọ: 8, 15 tàbí 21 milimítà. Ilé iṣẹ́ Rupes ti Ítálì wà lára àwọn tó sọ òbírípo ńlá di ohun tí gbogbo oníṣẹ́ mọ̀. Nítorí pé ojú kan kì í pẹ́ lábẹ́ páàdì, ooru kì í tètè kóra jọ, àmì yíyí tí rotary ń fi sílẹ̀ kò sì ní sí níbẹ̀.

Òun náà ní àbùkù tirẹ̀. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ jù, tàbí tí ẹ gbé e lé ibi tó rọ̀gbọ̀dọ̀, páàdì á dẹ́kun yíyí, á kàn máa gbọ̀n. Ariwo ẹ̀rọ kò ní yí padà púpọ̀, ẹ ó rò pé iṣẹ́ ń lọ, ìlà kò sì ní kúrò. Ọ̀nà láti mọ̀ ọ́n kò gba owó: ẹ fi máákà fa ìlà kan sí ẹ̀gbẹ́ àwo tí a ń lẹ páàdì mọ́. Bí ìlà náà bá ń yí, iṣẹ́ ń lọ. Bó bá dúró, ẹ dín agbára ọwọ́ yín kù, tàbí kí ẹ tẹ́ ẹ̀rọ náà dáadáa kí gbogbo ojú páàdì kan mọ́tò. N kò mọ ohun mìíràn tó tún wúlò tó báyìí fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Nínú àwọn ìbú yìí, 15 ni mo fara mọ́ fún ẹ̀rọ àkọ́kọ́. 21 dára lórí òrùlé àti bọ́nẹ́ẹ̀tì fífẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń dúró lórí bọ́mpà tó kọrọdọ. Irú kan tún wà tí gíà ń fi tipátipá yí páàdì rẹ̀, irú èyí tí Flex ti Jámánì ń ṣe. Kì í dúró bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ó sì ń gé ju DA lásán lọ, ṣùgbọ́n ó ń gbóná jù ú lọ, ó sì máa ń fẹ́ fa èèyàn lọ́wọ́.

| | Rotary | DA 15 mm | Ọwọ́ |
|---|---|---|---|
| Eré | ó yára jù | ó falẹ̀ díẹ̀ | ó falẹ̀ gan-an |
| Ooru | púpọ̀ | níwọ̀nba | kò tó nǹkan |
| Ewu ní etí àti igun | ńlá | kékeré, bí ẹ kò bá dúró lójú kan | kò tó nǹkan |
| Ojú sáńpépà | òun ló dára jù | ó lè ṣe é pẹ̀lú sùúrù | rárá |
| Iná tó ń jẹ | bíi wáàtì 900 sí 1400 | bíi wáàtì 500 sí 1000 | kò jẹ iná |

Ọwọ́ lásán ní àyè tirẹ̀. Inú kòtò ìdí ọwọ́ ilẹ̀kùn níbi tí èékánná máa ń họ, ẹ̀gbẹ́ dígí, abẹ́ ìdí nọ́ńbà mọ́tò, fóòmù kékeré àti ìka yín ló dára jù níbẹ̀. Odidi mọ́tò ni kò ṣeé fi ọwọ́ ṣe kó dọ́gba. Ní ti dírílì tí a so páàdì mọ́, ó dára fún gíláàsì iná iwájú tó ti pọ́n. Ẹ má gbé e dé ara ọ̀dà, torí pé rotary tí kò ní ibi ìdìmú tó péye ló jẹ́.

Iná, kí ẹ tó sanwó

Ibí ni mo ti fẹ́ kí ẹni tó ń gbé Ìbàdàn ronú jù. Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè fi gbogbo ọjọ́ ṣe mọ́tò kan, ìwọ̀nba èèyàn ló sì lè fọkàn sí i pé iná IBEDC kò ní lọ láàárín ọjọ́ kan. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní I-better-pass-my-neighbour kò lè gbé ju bíi wáàtì 650 lọ fún ìgbà pípẹ́. Rotary onwáàtì 1200 á pa á lójú ẹsẹ̀. DA onwáàtì 500 lè ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, bí ẹ bá ti pa fíríìjì àti fáànù. Ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ 2.5 kVA sókè kò ní ìṣòro pẹ̀lú èyíkéyìí.

Ẹ ka wáàtì tí inverter yín lè gbé kí ẹ tó so ẹ̀rọ mọ́ ọn. Bí ó bá jẹ́ irú èyí tó ń mú kí fáànù máa kùn, ẹ má fi gbé ẹ̀rọ pólíìṣì. Ohun tó ń yí páàdì nínú ẹ̀rọ á máa gbóná, ibi tí a ti ń yí eré rẹ̀ sì lè bàjẹ́. Bí iná bá rẹlẹ̀, tí gílóòbù ń pọ́n, ẹ dúró ná. Ẹ tú gbogbo wáyà extension sílẹ̀, torí pé èyí tó bá ká jọ máa ń gbóná. Ẹ gbé wáyà gba orí èjìká kó má bàa máa wọ́ lórí ọ̀dà.

Ohun kan wà tí ìwé tó bá ẹ̀rọ wá kì í sábà sọ, tó sì ṣe pàtàkì fún wa: bí NEPA bá mú iná lọ nígbà tí ẹ̀rọ wà lọ́wọ́ yín, ẹ kọ́kọ́ pa súìṣì rẹ̀ kí ẹ tó gbé e sílẹ̀. Súìṣì rẹ̀ máa ń há sí ipò títàn. Bí ẹ bá gbé e sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì láì pa á, tí iná padà dé nígbà tí ẹ wà nínú ilé, yóò fò kúrò níbẹ̀ tòun ti wáyà, ọ̀dà ni yóò sì kọ́kọ́ kọlù.

Ẹ̀rọ oníbátìrì yọ yín nínú wàhálà yìí, mo sì rí ìdí tí àwọn èèyàn fi ń yàn án. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yíyọ ìlà máa ń tètè fa bátìrì tán. Bátìrì méjì tàbí mẹ́ta ni yóò máa yípo, ibi tí owó ń lọ nìyẹn.

Páàdì àti compound

Ọ̀pọ̀ ń ná gbogbo owó sórí ẹ̀rọ, wọ́n á wá ra páàdì kan ṣoṣo. Ó yẹ kó yí padà. Fún odidi mọ́tò kan, ẹ ní páàdì mẹ́rin ó kéré tán. Èyí tó bá ti kún fún compound àti clear tó ti kúrò lára mọ́tò máa ń gbóná, kò sì ní gé dáadáa mọ́. Ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì gbọ̀n ọ́n nù lẹ́yìn ojú kọ̀ọ̀kan.

Fóòmù líle ń gé, fóòmù rírọ̀ ń mú dídán jáde. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀ rẹ̀, nítorí pé olúkúlùkù ilé iṣẹ́ ló ní àwọ̀ tirẹ̀. Páàdì aláwọ̀ ìyeyè ti ilé iṣẹ́ kan lè le, kí ti òmíràn rọ̀. Páàdì microfibre (aṣọ onírun wẹ́wẹ́) lórí DA ń gé ju fóòmù lọ. Irun àgùntàn ló ń gé jù nínú gbogbo wọn, ó sì máa ń fi ojú bàìbàì sílẹ̀, èyí tó máa gba fóòmù lẹ́yìn rẹ̀.

Compound inú agolo tí àwọn tó ń ta ọ̀dà máa ń kọ́kọ́ nà sí yín, ti ojú sáńpépà ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ó le jù fún ìlà kànìnkànìn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó kúnná, irú bíi Meguiar's M205 tàbí alábọ́ọ́dé ti Menzerna tàbí 3M, pẹ̀lú fóòmù tí kò le jù. Ẹ dán an wò ní ojú kan tí kò ju 50 cm sí 50 cm lọ. Bí ìlà bá kúrò, ẹ ti rí ohun tí ẹ ó lò fún gbogbo mọ́tò. Bí kò bá kúrò, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ páàdì sí èyí tó le jù. Bó bá tún kọ̀, nígbà náà ni kí ẹ wá pààrọ̀ compound.

Àwọn ohun ìdán kan máa ń ní òróró tó ń dí ìlà fún ìgbà díẹ̀, bí ẹ bá sì fọ mọ́tò lẹ́ẹ̀mélòó kan, ìlà á tún yọ. Kí ẹ má bàa tan ara yín jẹ, ẹ po ìdá kan isopropyl alcohol mọ́ ìdá mẹ́ta omi, kí ẹ fi nu ojú tí ẹ ṣe kí ẹ tó fi tọ́ọ̀ṣì wò ó.

Mọ́tò tiyín ńkọ́?

Clear àwọn Honda máa ń rọ̀, ti Toyota náà kì í sì í le púpọ̀. Bí mọ́tò bá dúdú, àkísà lásán á fà á, pólíìṣì kúnnákúnná á sì tún yọ ọ́. Mercedes tó jáde láti ìparí 2003 síwájú sábà máa ń ní clear líle tí wọ́n dìídì ṣe kó má tètè fá. Níbẹ̀ ni ẹ ti máa nílò microfibre àti sùúrù. Mọ́tò funfun a máa bo ìlà rẹ̀, kò sì sí ohun tó ní kí ẹ lé e.

Ṣùgbọ́n n'Íbàdàn, ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni bóyá wọ́n ti tún mọ́tò náà kùn rí. Tòkunbọ̀ púpọ̀ ló jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ wo rọ́bà etí dígí bóyá ọ̀dà kán sí i. Ẹ wo nọ́ọ̀tì bọ́nẹ́ẹ̀tì bóyá sípánà ti họ ọ́. Bí ẹ bá rí ẹni tó ní ẹ̀rọ ìwọ̀n ọ̀dà, ibi tó bá kọjá 200 micron dáadáa, wọ́n ti tún un kùn tàbí kí body filler (ohun tí wọ́n fi ń dí ibi tó wó) wà lábẹ́ rẹ̀. Pé ó nípọn kò sọ pé clear ibẹ̀ pọ̀ o. Ẹ̀rọ ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ kò sì ṣiṣẹ́ lórí bọ́mpà oníke.

Ẹ tún fi aṣọ funfun àti pólíìṣì díẹ̀ fi ọwọ́ nu ibi tó fara sin. Bí aṣọ bá gba àwọ̀ mọ́tò, kò sí clear lórí rẹ̀, tàbí kó ti tán. Ẹ lè pólíìṣì ọ̀dà tí kò ní clear láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọ̀ gan-an lẹ ó máa há. Bí ó bá sì jẹ́ pé clear ló ti tán, ẹ dáwọ́ dúró. Ọ̀dà tí pẹ́ńtà ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, ẹ má fi wáàsì bò ó fún oṣù kan sí mẹ́ta, kí thinner inú rẹ̀ lè jáde tán.

Iṣẹ́ gan-an, ní ṣókí

Ẹ fọ mọ́tò, kí ẹ fi amọ̀ ìnu-ọ̀dà (clay bar) àti omi ọṣẹ yọ ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn. Bí yẹ̀pẹ̀ kan bá ṣẹ́kù, páàdì á máa fi yí lórí ọ̀dà. Ẹ fi téèpù pẹ́ńtà bo rọ́bà, ike dúdú àti etí. Ẹ kán ìkán compound mẹ́ta sí mẹ́rin sórí páàdì, ẹ fi eré kékeré tẹ́ ẹ, kí ẹ wá mú eré rẹ̀ gòkè. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bíi 2 sí 3 cm láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ìlà kọ̀ọ̀kan gba orí ìdajì èyí tó ṣáájú, ní ẹ̀ẹ̀mẹrin sí mẹ́fà. Ìbòmú àti awò ojú kò ṣeé fojú di, torí pé eruku compound wẹ́wẹ́ ni.

Abẹ́ ibojì ni o. Bí ẹ kò bá lè gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ìrọ̀rùn, ó ti gbóná jù, compound á gbẹ kó tó ṣiṣẹ́. Láàárọ̀ kí aago mẹ́wàá tó lù ló dára jù. Nínú ọyẹ́, eruku á máa bọ́ sórí mọ́tò bí ẹ ti ń ṣe é, bí ẹ kò bá sì ní gáréèjì tó ṣeé tì, ẹ fi sílẹ̀ di ìgbà mìíràn. Èmi fẹ́ràn ìgbà tí òjò máa ń dáwọ́ díẹ̀ ní oṣù Ògúst, nítorí pé eruku ti rọlẹ̀, oòrùn kò sì mú jù.

Èwo wá ni tiyín?

Mọ́tò kan nílé, ìlà kànìnkànìn, ẹ sì fẹ́ràn láti fi ọwọ́ ara yín ṣe nǹkan: DA 15, fóòmù mẹ́rin, pólíìṣì kúnnákúnná kan. Ó tán.

Ẹni tí rotary wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó lọ sí ọjà Arárọ̀mí ní Gate, kó ra bọ́nẹ́ẹ̀tì àlòkù tó ti wó, tí ọ̀dà ṣì wà lára rẹ̀. Kó fi fóòmù rírọ̀ àti eré 1000 ṣe é lórí rẹ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ ibi tí etí ti ń gbóná. Kó tiẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ gé igun kan dé àwọ̀, kó lè mọ bó ṣe máa ń tètè ṣẹlẹ̀ tó. Lẹ́yìn náà ló tó lè gbé e dé ara mọ́tò, kò sì gbọdọ̀ kan bọ́mpà.

Ẹni tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọdún méjì ló fẹ́ ṣe é, tí kò ní jẹnẹrétọ̀ tó tó, tí kò sì ní ibojì, kó gbé iṣẹ́ fún oníṣẹ́. Kó bi í léèrè ẹ̀rọ tó fẹ́ lò, kó ní kó ṣe ojú kan lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì lójú òun, kí wọ́n sì wa mọ́tò náà bọ́ sínú oòrùn láti wo ojú kan yẹn. Bí oníṣẹ́ bá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀, a ti mọ̀ ọ́n ṣe," tó sì kọ̀ láti dán ojú kan wò, ẹ wá ẹlòmíràn. Èyí tó bá gbà, kó tún fi ẹ̀rọ ìwọ̀n wọn òrùlé, bọ́nẹ́ẹ̀tì àti ilẹ̀kùn kó tó bẹ̀rẹ̀, kó wọ̀n wọ́n lẹ́yìn tó bá parí, kó sì kọ iye micron méjèèjì sínú rìsíìtì.